Àgbẹ̀-Lọba Tí Kò Mọ Ibi Tí Irúgbìn Ti Ń Wá

Ẹ bá mi kí Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Ọ̀jẹ̀túndé, ṣùgbọ́n kí ẹ kí i dáadáa, nítorí ọkùnrin náà kì í gbọ́ orúkọ kúkúrú. Tí ẹ bá pè é ní Tíṣà, yóò máa wo òkè bí ẹni tó ń ka ẹyẹ. Tí ẹ bá pè é ní Ọ̀gá Tíṣà, yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá pè é ní Ọlọ́kọ́-Wúrà, Akọbè-Bí-Òkè, Àgbẹ̀-Lọba ti gbogbo Sùúrùlérè, ìgbà yẹn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yíjú sí yín, tí yóò ní, "Ẹn-ẹ́n, ṣé èmi lẹ̀ ń pè?"

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan lẹ́yìn Ojúẹlẹ́gbà. Láàárín ọdún mọ́kàndínlógún yìí, ọwọ́ rẹ̀ kò kan ọkọ́ rí, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n wá ya fọ́tò. Ọjọ́ náà gan-an, òdì ló di ọkọ́ mú.

Oko kékeré kan wà lẹ́yìn kíláàsì, kò fẹ̀ ju ibi tí mọ́tò méjì lè dúró sí. Àwọn ọmọ ló ń kọ ebè, àwọn ọmọ ló ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, àwọn ọmọ náà ló ń roko. Tíṣà a jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù, a ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, a máa fi rúlà na afẹ́fẹ́. Tó bá di ọjọ́ ìkórè, ẹ̀gẹ́ a wọ àpò, àpò a wọ bùútù mọ́tò Tíṣà, àwọn ọmọ a máa wò ó títí mọ́tò á fi jáde ní géètì.

"Pírátíkà nìyẹn," ni Tíṣà máa ń sọ fún wọn látojú fèrèsé mọ́tò. "Máàkì yín ńbẹ níbẹ̀."

Gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí ń wá láyé kò ju yàrá kan lọ. Yàrá náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, Ìyáàfin Hilda Adéfúnmiláyọ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màdáámù. Ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú rẹ̀, àga tó ń yí bìrí náà wà nínú rẹ̀. Yàrá tí Tíṣà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò báyìí, fáànù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun náà kì í yí tayọ̀tayọ̀. Gbogbo ìgbà tí Tíṣà bá ń kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá tútù yẹn, ó máa ń rọra dúró kí atẹ́gùn abẹ́ ilẹ̀kùn lè fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Màdáámù pe mítìn. Ó ní ilẹ̀ Èkó ti wọ́n kọjá ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ lè rà, nítorí náà láti sáà tó ń bọ̀, inú géèmù kọ̀ǹpútà ni àwọn ọmọ yóò ti kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ oko, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìwọ̀nba ilẹ̀ tó wà. Ó ní òun ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n dénú. Ẹni náà ni yóò di ọ̀gá ẹ̀ka tuntun yìí, òun náà ni yóò sì gba yàrá.

Tíṣà dìde kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sílẹ̀. "Màdáámù, ẹ má wulẹ̀ wá ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn àgbà ló ní wọn kì í gun igi lọ wá ẹja nígbà tí òkun wà nílé."

Àgbà kan kò sọ bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n Tíṣà máa ń sọ òwe kí àgbà tó rántí rẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ géèmù náà ni?" Màdáámù bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà! Baba mi, àgbẹ̀. Baba baba mi, àgbẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ la ti ṣẹ̀ wá. Ohun tó bá ti wà lẹ́jẹ̀, kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ fi ṣe?"

Kí n má parọ́ fún yín, akọ̀wé ni baba Tíṣà ní Yábàá títí tó fi fẹ̀yìntì, òdòdó inú ìkòkò méjì ló sì ń bomi rin. Ọ̀kan nínú méjèèjì, rọ́bà ni.

Màdáámù ní kò burú. Ó ní òun gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń fi géèmù náà díje. Tí Tíṣà bá gba ipò kìíní níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yàrá di tirẹ̀. Tíṣà rìn jáde ní mítìn, ó sì lọ wọn ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá náà.

Ṣọ́ọ̀bù tí à ń wí yìí, ti Àmínát ni. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tẹlifísọ̀n fẹ̀ǹfẹ̀ kan. Orúkọ òyìnbó tí wọ́n sọ géèmù náà gùn, nítorí náà Má Kú O ni àwọn oníbàárà Àmínát ń pè é, Àmínát sì ti yí èdè inú rẹ̀ sí Yorùbá kí gbogbo èèyàn lè rí i kà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wàá kàn bá ara rẹ nínú igbó, ọwọ́ òfo. Àwòrán ikùn kékeré kan wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà. Bí ebi bá ṣe ń pa ọ́ ni ikùn náà á máa fọn, tí á máa tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Tó bá fọn tán, o kú. Kí o má bàa kú, àfi kí o dáko. Oko náà sì ní àkókò tirẹ̀, nítorí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọyẹ́ inú géèmù á dé, ohunkóhun kò ní í hù mọ́. Ẹni tí kò bá ní oúnjẹ nínú àká nígbà náà, gbogbo ohun tó ti kó jọ di àwátì.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Sátidé mẹ́fà," Àmínát sọ fún gbogbo wọn. "Ẹni tóko ẹ̀ bá tóbi jù ni Baálẹ̀ Oko. Màá gbé fọ́tò ẹ̀ kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. No magomago o."

Tíṣà fi orúkọ sílẹ̀: Àgbẹ̀-Lọba. Ó bá àwọn mẹ́ta mìíràn níbẹ̀. Ọ̀kan ni Teslim, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún fóònù ṣe. Èkejì ni Jael, tó ń ránṣọ ní Tejúoṣó. Ẹ̀kẹta ni Bàbá Sylvester, arúgbó tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Ìdó. Oko lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá dàgbà sí kó tó wá sí Èkó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ní kó wá géèmù ṣe, kó yé jókòó sílé máa bá àwọn tó ń ka ìròyìn nínú tẹlifísọ̀n jà.

Tíṣà jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ó wo bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì náà wò ó. Èèyàn mìíràn ì bá béèrè, ṣùgbọ́n ọ̀gá kì í béèrè. Ó wú ikọ́, ó gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀.

"Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀. Oríṣi ilẹ̀ mẹ́ta ló wà: ilẹ̀ yanrìn, ilẹ̀ amọ̀, àti ilẹ̀ ọlọ́ràá..."

"Ẹ̀gbọ́n, ìkookò ń bọ̀ lẹ́yìn yín," Teslim ní. Ìkookò gé Àgbẹ̀-Lọba jẹ.

Ibẹ̀ ni èrò kan ti sọ sí Tíṣà lọ́kàn. Ó yí àga rẹ̀ padà sí wọn. "Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ṣé bí kálukú á ṣe máa dá ṣe tirẹ̀ nìyí? Àwọn baba wa ńkọ́? Kí ni wọ́n ń ṣe tí iṣẹ́ oko bá pọ̀?"

"Àáró," Bàbá Sylvester dáhùn, ojú rẹ̀ sì tàn yòò. "Ó ti tó ọdún mẹ́tàlélógójì tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn gbẹ̀yìn l'Ékòó yìí."

"Àáró ni, Bàbá! Lónìí, gbogbo wa á ṣe oko ẹnì kan. Sátidé tó ń bọ̀, gbogbo wa á ṣe ti ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe kárí."

Jael ní, "Ọ̀dọ̀ ta la máa ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ọ̀dọ̀ àgbà ni."

"Èmi làgbà níbí," Bàbá Sylvester sọ.

"Àgbà nínú ìmọ̀ ni mò ń wí, Bàbá. Ẹ máa bọ̀ lóko mi."

Wọ́n bá lọ sóko rẹ̀. Bàbá gé koríko gíga, irúgbìn ń jábọ́ nínú rẹ̀, ó ń ṣà wọ́n jọ. Jael gé igi, ó ṣa òkúta, ó fi rọ ọkọ́ mẹ́rin. Teslim la omi wá láti odò, nítorí nínú géèmù náà, ebè tó bá ti jìnnà sí omi ju ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ á gbẹ. Wọ́n kọ ebè, wọ́n gbin àgbàdo, wọ́n sọgbà yí i ká kí ẹlẹ́dẹ̀ igbó má wọlé. Àgbẹ̀-Lọba ní tirẹ̀ gun orí àpáta, ó dúró síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí pátákó kan, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sí i lára: OKO ÀGBẸ̀-LỌBA. Ẹ MÁ WỌLÉ.

"Ọmọ mi," Bàbá Sylvester pè é, "sún mọ́bí kí n fi bí wọ́n ṣe ń rí irúgbìn hàn ọ́."

"Ẹ má da ara yín láàmú, Bàbá. Ìpìlẹ̀ nìyẹn. Èmi ti kọjá ìpìlẹ̀."

Sátidé kejì pé, ó kan oko Teslim. Gbogbo wọn ti jókòó, wọ́n ń wo ojú Tíṣà.

"Orúnkún mi ni o," Tíṣà ní, ó di orúnkún mú. "Ó ń ro mí bí nǹkan míì. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, àdúrà mi ń bẹ lẹ́yìn yín."

"Ẹ̀gbọ́n, géèmù ni o. Ìka la fi ń ṣe é."

"Orúnkún ló so mọ́ ìka, Teslim. O ò ka báyọ́lọ́jì ni?"

Sátidé kẹta, ó kan oko Jael. Wọn kò rí Tíṣà. Jael pè é lórí fóònù.

"Mo wà ní mítìn," Tíṣà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Mítìn ńlá."

"Ẹ̀gbọ́n, mò ń rí yín látojú wíńdò. Ẹ dúró sọ́dọ̀ oníbọ̀ọ̀lì."

Tíṣà yíjú, ó rí Jael, bọ̀ọ̀lì sì kún ẹnu rẹ̀. "Mítìn bọ̀ọ̀lì ni," ó ní, ó sì pa fóònù.

Sátidé kẹrin, ó kan Bàbá Sylvester. Tíṣà wá lọ́jọ́ náà o, ó tilẹ̀ jókòó ti Bàbá, èjìká kan èjìká. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, Bàbá."

"Ọmọ mi, ẹ̀gbẹ́ mi lo jókòó sí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà la jọ ń lò."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀gbẹ́ tiyín ló dáa."

Ẹ má sì rò pé ojú tì í. Sátidé karùn-ún kò tíì mọ́ tán tó fi ránṣẹ́ sí wọn pé àáró ti yípo, ó ti padà kan òun, kí wọ́n tètè máa bọ̀, oko òun ti ń kún fún koríko. Inú bí Teslim, ó fẹ́ lọ dáná sun oko náà. Jael fẹ́ sunkún, nítorí àká tirẹ̀ kò tíì kún dé ìdajì, ọyẹ́ sì ku ọ̀sẹ̀ kan. Aṣọ ìgbéyàwó mẹ́jọ ló fi sílẹ̀ lórí máṣíìnì ní Tejúoṣó kó lè ráyè dá oko yìí.

Bàbá Sylvester rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yin ọmọ Èkó ò mọ òfin àáró. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, a kì í bá a jà. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò ké sí èèyàn, tí kò ní í gbọ́ ohùn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Wọ́n lọ, wọ́n tún un ṣe fún un. Oko Àgbẹ̀-Lọba wá fẹ̀ títí ó fi kan odò. Oko Bàbá kò ju ebè méjìlá lọ, ti Teslim jẹ́ mẹ́sàn-án, ti Jael jẹ́ méje péré. Tíṣà ń wo oko rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ara rẹ̀ sì ti ń tutù bí ẹni pé ó ti wọ yàrá.

Sátidé kẹfà pé wàyí. Èèyàn pọ̀ lójú títì dé ẹnu gọ́tà. Àmínát ti gbé tẹlifísọ̀n fẹ̀ǹfẹ̀ síta, ó so sípíkà mọ́ ọn kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Màdáámù wá pẹ̀lú gbogbo tíṣà ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n fún un ní àga àti mínírà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó so rìbọ́n pupa mọ́ ọn.

Ìgbà tí gbogbo èèyàn ti jókòó tán ni Tíṣà tó yọ. Bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, fìlà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, bàtà rọ́bà àgbẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìwé iye owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bàtà náà lọ́jà sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Ó gbé bánnà kan sábẹ́ abíyá. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ tẹ̀ ẹ́ ní Mushin lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ó tú u fún àwọn èèyàn wò: fọ́tò rẹ̀ nìyẹn, gàgàrà, ó di ọkọ́ mú lódì, wọ́n sì kọ BAÁLẸ̀ OKO sí i lábẹ́. Kò tíì jẹ oyè, àwòrán oyè ti gbẹ.

Àmínát tan tẹlifísọ̀n sí oko rẹ̀. Àgbàdo lọ súà, ó pọ́n, ó ń fì lọ fì bọ̀. Ariwo sọ. "Àgbẹ̀-Lọba! Àgbẹ̀-Lọba!" Àwọn tíṣà pàtẹ́wọ́, Màdáámù pàápàá mi orí.

Ká ní ọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ ni, kó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kó máa lọ sílé, ìtàn yìí ì bá parí síbí, yàrá ì bá sì di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní máìkì.

"Oko tí ẹ̀ ń wò yìí," Tíṣà bẹ̀rẹ̀, "eré ọwọ́ òsì mi ni! Èmi nìkan! Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó fún mi ní igbó tuntun báyìí. Kí Màdáámù tó mu mínírà ọwọ́ wọn tán, màá ti dá òmíràn!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Màdáámù dáhùn. "Ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ rí. Ọwọ́ òfo làwọn ọmọ wa máa fi wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ fún wa látìbẹ̀rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni."

Ẹ̀rín ẹnu Tíṣà dúró síbẹ̀, ẹni tó ń rín in ti sá lọ. Ṣùgbọ́n ó ju ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rí Teslim, Jael àti Bàbá Sylvester ní ìdí kọ̀ǹpútà wọn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Àáró ṣáà wà. Ó jókòó, ó gbé máìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò pa á.

Igbó tuntun ṣí. Ikùn kún bámúbámú. Tíṣà tẹ bọ́tìnnì kan, Àgbẹ̀-Lọba fò sókè. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún fò.

"Kí ló ń ṣe?" Màdáámù béèrè.

"Ó ń wo bí ilẹ̀ ṣe lọ, mà."

Ó tẹ òmíràn. Àgbẹ̀-Lọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀. Ó lù ú, ó lù ú, eruku ń sọ, kòtò kan lu, Àgbẹ̀-Lọba sì já sínú rẹ̀.

"Ó ń yẹ ilẹ̀ wò," Tíṣà ṣàlàyé, òógùn ti ń bọ́ lára fìlà. "Kó lè mọ̀ bóyá yanrìn ni àbí amọ̀." Ikùn ti fọn dé ìdajì.

Ọmọdé kan kígbe láàárín èrò, "Sà, ẹ gé koríko!"

"Koríko kọ́ là ń gbìn, ọmọ yìí! Ṣé àgbẹ̀ ni ẹ́ ni?"

Gbogbo ẹni tó ti ṣe géèmù náà rí kérora lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó ṣe jáde nínú kòtò ni ẹlẹ́dẹ̀ igbó lé e. Ó sá wọ inú koríko gíga, ó ń ju ọwọ́ kiri bí ẹni tí oyin ta. Ibi tó ti ń jùwọ́ ni koríko gé, irúgbìn mẹ́ta sì jábọ́ sí i lọ́wọ́. Èrò hó yèè. Tíṣà dìde lórí àga. "Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí i? Bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn!"

Ṣùgbọ́n ikùn ń fọn. Tíṣà wo irúgbìn, ó wo ikùn. Ó tún wo irúgbìn. Ó bá jẹ ẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Yéè!" ìyálọ́jà kan ké láti ẹ̀yìn. "Ó jẹ irúgbìn!"

Bàbá Sylvester ṣí fìlà, ó fi lé itan. "Mo ti rí ọyẹ́ tó le, mo ti rí ìyàn," ó ní. "N ò rí èyí rí."

Ikùn ti di bí okùn. Tíṣà bo ẹnu, ó rò pé òun ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n sípíkà gbé gbogbo rẹ̀ dé Ojúẹlẹ́gbà.

"Teslim! Wọlé wá o jàre! Àáró dà?"

"Orúnkún mi ni o, Ẹ̀gbọ́n."

"Orúnkún kẹ̀? Géèmù ni! Ìka la fi ń ṣe é!"

"Orúnkún ló so mọ́ ìka, Ẹ̀gbọ́n. Báyọ́lọ́jì ni."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Tíṣà yíjú sí òdì kejì. "Jael, ọmọ dáadáa. Ọmọ gidi. Gbé ọkọ́ kan fún mi."

Jael fọwọ́ bo fóònù tí kò pe ẹnikẹ́ni. "Ẹ jọ̀ọ́, mo wà ní mítìn."

"Mítìn wo?"

"Mítìn bọ̀ọ̀lì ni." Ó sì ní bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́ lóòótọ́.

"Bàbá!" Igbe ni Tíṣà ta báyìí, ó gbàgbé máìkì, ó gbàgbé Màdáámù. "Bàbá mi, ẹ ṣàánú mi! Ẹ kàn sọ ibi tí wọ́n ti ń rí irúgbìn fún mi!"

Bàbá Sylvester fọwọ́ sí etí. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ọmọ mi."

"Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo jókòó sí!"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀gbẹ́ tìẹ ló dáa."

Àgbẹ̀-Lọba kúnlẹ̀ lójú tẹlifísọ̀n. Ó dojú bolẹ̀. Orin arò kúkúrú kan dún, lẹ́tà pupa sì yọ, ńláńlá, tí ẹni tó wà lódì kejì títì rí i kà: EBI PA ÀGBẸ̀-LỌBA. Lábẹ́ rẹ̀, géèmù náà fi ìmọ̀ràn kékeré kan kún un, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀: "Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: gé koríko, wàá rí irúgbìn."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rín in. Tíṣà Físíìsì di ògiri mú. Màdáámù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgò mínírà rẹ̀ sókè, ó wò ó, kò tíì mu ún dé ìdajì.

"Ta ló wá dá oko ti àkọ́kọ́?" ó béèrè.

"Ìyẹn ò le, mà," Àmínát dáhùn. Ó dá tẹlifísọ̀n padà sí oko ńlá náà. Tí èèyàn bá fi ọfà ojú kọ̀ǹpútà kan ebè, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ á yọ. Ó fi kan ti àkọ́kọ́: Teslim. Ó fi kan èyí tó tẹ̀ lé e: Jael. Ó sún síwájú: Sylvester. Sylvester. Teslim. Jael. Jael.

"Ẹ wá tèmi," Tíṣà ń sọ. "Ẹ wá tèmi dáadáa, ó wà níbẹ̀."

Àmínát wá a dé etí odò, kò rí i. Ó wá a lára ọgbà, kò rí i. Níkẹyìn, ọfà kan pátákó ẹnu ọ̀nà, orúkọ náà sì yọ: Àgbẹ̀-Lọba. Ó ní nǹkan tó ṣe lóòótọ́.

Màdáámù dìde, ó ka pátákó náà sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́. "Oko Àgbẹ̀-Lọba. Ẹ má wọlé." Ó tú rìbọ́n pupa kúrò lára kọ́kọ́rọ́, ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì, ó sì fa síìpù rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé," ó ní, "yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi yẹn, ẹ má wọlé."

Ṣé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe parí? Àwọn mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ ló kórè oko ńlá kí ọyẹ́ tó dé. Jael ló kọ́kọ́ bù, àká rẹ̀ sì kún títí ó fi ń dà sílẹ̀. Bàbá Sylvester di Baálẹ̀ Oko pẹ̀lú ebè méjìlá rẹ̀ tí òun náà fọwọ́ ara rẹ̀ bá wọn kọ. Màdáámù bẹ̀ ẹ́ kó máa wá kọ́ àwọn ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ oko, ó sì gbé yàrá tútù fún un. Bàbá ní ẹ̀rọ amúlétutù ń mú òun húkọ́. Ó pa á, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, ó ń lo àga tó ń yí bìrí.

Tíṣà pàápàá ríṣẹ́. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Màdáámù fi ọkọ́ lé e lọ́wọ́, ọkọ́ gidi, ó sì fi oko ẹ̀yìn kíláàsì hàn án. Àwọn ọmọ jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù, wọ́n ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó kọ ebè kan, ó dúró, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti bó.

"Pírátíkà nìyẹn, sà," ọ̀kan nínú wọn sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Máàkì yín ńbẹ níbẹ̀."

Ti bánnà ló kù. Ẹyẹ ẹ̀ga ń jẹ àgbàdo ilé-ẹ̀kọ́ ní ìjẹkújẹ, nítorí náà àwọn ọmọ so bánnà BAÁLẸ̀ OKO mọ́ igi méjì, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ láàárín oko, wọ́n kọjú rẹ̀ sí àgbàdo. Láti ọjọ́ náà, ẹyẹ kan kò bà síbẹ̀ mọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé, iṣẹ́ oko àkọ́kọ́ tí ojú yẹn máa ṣe nìyẹn, ó sì ń ṣe é dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìwà kì í tètè fi oníwà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Tíṣà dúró láàárín poro, ó ti ọkọ́ mọ́ èjìká, ó wo bánnà títí, ó wo títì tí àwọn èèyàn ń gbà kọjá. Ó rọra pe àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ igi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi dáadáa. Ṣé ẹ lè bá mi yí ojú rẹ̀ sí títì díẹ̀, káwọn èèyàn lè máa rí i?"

Gbogbo kíláàsì di orúnkún mú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Orúnkún wa ni o, sà!"